Ohùn Màmá Lẹ́nu Ọ̀mùtí

[Fóònù ń dún. Ariwo máṣíìnì ìránṣọ.]

ASHRAF: Hẹ́lò! Àǹtí Tàwà! Ẹ káàsán o.

TÀWÀ: Ashraf. Salaamu alaykum.

ASHRAF: Wa alaykumu salaam. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ará Ìkàrẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

TÀWÀ: Wọ́n wà. Níbo lo wà? Ohùn ẹ ń já.

ASHRAF: Ìwàrò ní Ọ̀kà ni mo wà. Mo ń gun àpáta lọ síbi tí network—

TÀWÀ: Ṣé o gbọ́ mi?

ASHRAF: Mo gbọ́ yín, mà.

TÀWÀ: Wọ́n ní fíìmù ẹ ti lọ jìnnà.

ASHRAF: [ẹ̀rín] Ẹ ti wò ó? Àǹtí, ó ti trend! Fíìmù tí gbogbo ayé ti wò, mo tún un gé, mo pààrọ̀ ohùn inú ẹ̀ sí èdè ìlú wa, ó di Ọ̀kà version. Wọ́n ń share link ẹ̀ ní Ifira, ní Ọ̀bà, títí dé—

TÀWÀ: Kamaldeen, oníbàárà mi, ló wá gba ṣòkòtò ẹ̀, ló fi hàn mí. Ìyá àgbà ọ̀mùtí kan ṣubú sí gọ́tà, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun lọ sílé.

ASHRAF: Ibẹ̀ gan-an ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín!

TÀWÀ: Ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín.

ASHRAF: Ẹ ò rí i—

TÀWÀ: Mo rẹ́rìn-ín, Ashraf. Mo dikùn mú. Àfìgbà tó ní, “Tàwà, wá gbé mi, ilé ni mo fẹ́ sùn.”

[Máṣíìnì dákẹ́.]

ASHRAF: Àǹtí...

TÀWÀ: Ohùn ta nìyẹn?

ASHRAF: Network yìí o... hẹ́lò?

TÀWÀ: Má fi network bò mí lójú! Ohùn ta ni?

ASHRAF: Ti Màmá ni.

TÀWÀ: Ìyá mi! Ìyá tìrẹ kú, Màmá gbé ẹ pọ̀n, èmi ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fóònù nọ́ọ̀sì ni wọ́n tọrọ ní ọsibítù kí wọ́n tó kú, tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Fóònù mi fọ́, mo ní kí o bá mi yọ ohùn wọn jáde. Ohun tí mo ní kí o ṣe ò ju ìyẹn lọ!

ASHRAF: Ẹ má bínú. Mo wá ohùn ìyá àgbà tó ń sọ Ọ̀kà dáadáa, mi ò rí. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀—

TÀWÀ: Èmi ńkọ́?

ASHRAF: Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí—

TÀWÀ: Ìrora ló jẹ́ kí wọ́n máa fa ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Màmá ò fẹnu kan ọtí rí. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìwọ, Ashraf! Ó dùn mí dé egungun. Yọ ọ́ kúrò.

ASHRAF: Ẹ jẹ́ n kàn—

TÀWÀ: Yọ ọ́! Ṣé o gbọ́ mi?

ASHRAF: Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ n fi yín sí speaker. [atẹ́gùn] Mo ti dé orí page. Ó ń bi mí bóyá ó dá mi lójú.

TÀWÀ: Lẹ́yìn náà, fi ojúlówó ohùn yẹn ránṣẹ́ sí mi. Odindi ẹ̀. Mi ò fẹ́ orin kankan nídìí ẹ̀.

ASHRAF: Àǹtí, mo ti format fóònù yín, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Èyí tó wà lórí tèmi, space kún. Nígbà tí fíìmù ti wà lórí page, mo pa á rẹ́.

TÀWÀ: Ibo wá ni ohùn ìyá mi wà?

ASHRAF: Inú fíìmù yẹn.

TÀWÀ: Èyí tí o fẹ́ yọ?

ASHRAF: Òun nìkan ló kù.

TÀWÀ: Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Má yọ ọ́.

ASHRAF: Hẹ́lò? Àǹtí, ẹ ń já o.

TÀWÀ: Mo ní má yọ ọ́!

ASHRAF: Mi ò gbọ́ yín mọ́. Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn sí mi. Ẹ jẹ́ n ṣáà tẹ̀ ẹ́, bóyá ẹ máa dárí jì mí. Ó ti ń yí...

TÀWÀ: Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín! Jẹ́ kí wọ́n máa fi ìyá mi rẹ́rìn-ín! Ashraf, ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gb—

[Fóònù já.]