Ìwé tí kò ní òkè

Ní bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé, mo ń dúró de káàdì ìrántí ìyàwó mi ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, nígbà tí mo gbọ́ tí obìnrin kan tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ ń bá bàbá atẹ̀wé sọ̀rọ̀.

“Bàbá, Amẹ́ríkà kì í gba owó ibodè lórí ṣẹ́ẹ̀tì wa, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi fún wa láǹfààní yẹn ní wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá wa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan máa bá wa gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà, tí a bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn.”

“Kí ló wá dé?”

“Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lókè ni ọ̀gá máa lé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.”

“Ta ló ní ìwé gbọ́dọ̀ ní òkè? Màá to àyè ìfọwọ́sí yí ọ̀rọ̀ yín po, bí etí àwo.”

“Yéè! Ọ̀gá á máa yí i kiri títí òòyì á fi kọ́ ọ!”

“Kó máa yí i. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, ṣé wàá fọwọ́ sí i?”

Ó fa bírò yọ nínú àpò rẹ̀.

“Ẹ tètè tẹ̀ ẹ́. Ibí ni màá ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí tèmi.” Ó wá kọjú sí mi. “Bàbá tó jókòó yẹn, ẹ ò rí mi o!”