Ikọ́ Lẹ́yìn Bàálé

Kò sẹ́ni tó rò ó fún mi o, ojú èmi fúnra mi ló rí i, gbogbo ará Lèma ló sì mọ̀ pé ojú mi kì í fo nǹkan. Ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Glazoué ni tọkọtaya kan bá mi, ọkọ níwájú pẹ̀lú agbọ̀n awó léjìká, ìyàwó lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí. Ọkọ sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ti ṣófo.

"Obìnrin yìí, awó dà?"

"Wọ́n ti ń fò jáde láti ẹsẹ̀ òkè, bàálé mi."

"O ò sì pè mí!"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìyàwó kì í pariwo pe ọkọ lójú títì, kó kàn wúkọ́. Mo wúkọ́."

"Mo rò pé òtútù ló mú ẹ ni!"

"Awó kọ̀ọ̀kan ni mo wúkọ́ fún. Ẹ ò bojú wẹ̀yìn."

"Ṣé ọkùnrin gidi ń bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó ẹ̀ ni? Kí ni mo fẹ́ gbé síwájú ìyá ẹ báyìí?"

"Ẹ wúkọ́ fún un."

Awó kọ̀ọ̀kan ni mo wúkọ́ fún! Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mo ń tún sọ lẹ́nu títí ọkọ̀ fi dé.

Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti ń kà wọ́n: awó márùn-ún ló wọ inú àpáta ẹsẹ̀ òkè lọ, akọ mẹ́ta, abo méjì.