Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Àgbọn Tí Mo Dà Sínú Tánkì Ilé Ọmọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ọ̀jọ́, mo sì ń gbọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń sọ ẹrù wọn kalẹ̀. Tèmi náà ti wúwo tó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nà án.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ọmọ-ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ mi, sì ní òun ò gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé Zosú, bírìkìlà Ègùn ará Ìjànikin, ni bàbá tó bí i. Mi ò kọ orúkọ tèmi síbí, ṣùgbọ́n mo kọ ti Zosú gbangba, torí òun ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Iṣẹ́ wọ́ọ̀fù ni ọmọ mi ń ṣe ní Àpápá. Nígbà tó kọ́lé, ó ní ṣalángá ò yẹ ilé òun, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi lòun fẹ́, irú èyí tí a ń fi garawa da omi sí, tí gbogbo rẹ̀ á sì gba inú páìpù lọ. Zosú ló bá a ṣe é. Ó gbẹ́ kòtò méjì sẹ́yìn ilé, ó jìnnà sí kànga dáadáa. Ó mọ ọ̀kan, ó rẹ́ ẹ, ó bò ó lórí, ó ní ìyẹn ni tánkì, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ á jókòó sí. Omi nìkan ni yóò ṣàn bọ́ sínú èkejì, tí yanrìn á máa mu ún. Ó wá pè wá jọ, ó ní ohun tó bá ti inú èèyàn jáde àti omi nìkan ni kó máa wọ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má da ọ̀rá sí i. Gbogbo wa ní a ti gbọ́. Èmi gan-an ni mo dáhùn sókè jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná. Àdín àgbọn ni mo ń ṣe tà. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àgbọn sí àgbàlá, torí ìjàlọ ni yóò pè wọlé, ìjàlọ kì í sì í bi ẹni tó pè é kó tó gun ẹni tó sùn. Etí ọ̀sà ni ìyá mi máa ń gbé e lọ dà, ibẹ̀ lèmi náà ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n orúnkún ti ń dùn mí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun yìí sì wà nítòsí ibi ìdáná mi, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo da ìkòkò kan sí i, mo fi garawa omi lé e. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní, ọ̀làjú mà dára o.

Bó ṣe di àṣà mi nìyẹn.

Kò pẹ́ tí àmì fi ń yọ. Omi ò yára lọ mọ́. Á dúró, á máa ṣe gbùlù-gbùlù bí ẹni tó ń fi omi yọ ẹnu. Mo rí i, mo dákẹ́. Nígbà tó yá, koríko orí kòtò kejì tutù yọ̀yọ̀ láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko gbogbo àgbàlá ti gbẹ. Mo rí ìyẹn náà. Ẹ ò ní gbàgbọ́: mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí etí erin. Mo ń já a fún àwọn ará àdúgbò, mo tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó Zosú, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo fi sí i, mo ní ọwọ́ mi ló dára. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ nínú ẹ̀fọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ó ṣáà dùn.

Ọyẹ́ wá mú. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí òtútù bá mú, àdín àgbọn á dì bí àbẹ́là. Ó dì nínú páìpù. Ọjọ́ Ìsinmi tí ọmọ mi gba ọ̀gá rẹ̀ lálejò ló bọ́ sí. Ọ̀gá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó da omi sí i. Omi ò lọ, ó ń gòkè. Ó gòkè títí ó fi bá bàtà ọ̀gá. Ìrẹsì tí a sè lọ́jọ́ náà, ajá ló jẹ ẹ́, torí òórùn ò jẹ́ kí èèyàn jókòó.

Ọmọ mi ránṣẹ́ pe Zosú, ó bú u lójú gbogbo èèyàn, ó ní kòtò ẹ̀ ò jinlẹ̀. Zosú ṣí tánkì. Ó wo inú rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí. Mo ń rin àgbọn lọ́wọ́, mo yáa dojú bolẹ̀. Ó kó ohun tó dì kúrò, ó tún ibẹ̀ ṣe, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́lé láti Ọ̀jọ́ dé Ìbá, títí dé Okokomaiko, tí ọmọ mi ò kìlọ̀ fún pé kó má gbé iṣẹ́ fún Zosú. Wọn ò sì gbé e fún un mọ́. Èmi padà sí etí ọ̀sà pẹ̀lú ìkòkò mi, tánkì ò sì yọ wá lẹ́nu mọ́. Ọmọ mi ní èébú tóun bú Zosú ló tún un ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Ìjànikin bí ẹni tó fẹ́ ra àgbọn. Zosú gbé àga fún mi. Mo ń wá ibi tí n ó ti mú ọ̀rọ̀ náà, òun ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ìyá, bó bá jẹ́ ti tánkì lẹ bá wá, mo ti mọ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, òórùn àdín ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ti ìgbẹ́."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Ta ni yóò gba Ègùn gbọ́ lórí ìyá onílé? Ẹ̀yin náà lẹ sì ń bu oúnjẹ fún mi nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́. Ti èmi ti tán, mo rí iṣẹ́ ní Àgbádárìgì. Ti ọmọ mi ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ má jẹ́ kó san gbèsè àgbọn." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ṣì ń sọ̀rọ̀ tẹ̀tẹ̀ yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da epo, àdín tàbí omi ìkòkò ọlọ́ràá sí i. Bí omi bá ń lọ́ra, bí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé bá ń rin nígbà tí òjò ò rọ̀, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣí tánkì wò, kí wọ́n kó o kó tó kún. Ẹ má sì gbin ẹ̀fọ́ sí i.

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ mi lójúkojú. Ṣùgbọ́n ó máa ń pè mí ní ìyá òun tí kì í purọ́, ẹnu mi á sì pa dé. Mo ṣe dáadáa bí mo ṣe kọ ọ́ síbí, àbí mi ò ṣe dáadáa? Ẹ bá mi dá sí i. Òun ló ń ka ìwé ìròyìn yìí fún wa ní ọjọ́ Sátidé.

Ìwọ ọmọ mi, mo mọ̀ pé láti ibi orúkọ Zosú ni ohùn rẹ ti ń lọ sílẹ̀. Má tíì wẹ̀yìn, èmi ni mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ. Zosú ò ṣẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí ọmọ rẹ lọ sílé ọkọ tó wù ú. Bí o bá gbà, orúnkún tó ń dùn mí yìí ni n ó fi rìn dé Ìjànikin lọ pè wọ́n wá.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó ká ìwé náà.