Ohùn Tó Ń Jí Mi Láàárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Múṣin níbí tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àtidìde láàárọ̀ ti di iṣẹ́ ńlá fún mi. Kì í ṣe pé oorun ń kùn mí o! Ojú mi á ti là, màá gbọ́ táwọn ará ilé bá ń gbálẹ̀, màá gbọ́ tí wọ́n bá ń pe ìrun àsùbáà, ṣùgbọ́n ara ò ní gbé. Màá kàn nà gbalaja sórí ẹní, àfi bíi pé ara ẹlòmíràn ni. Ìyá ọkọ mi ti pè mí ní ọ̀lẹ títí, ó ti sú u. Ó wá ní bí mi ò bá yí padà, kí n máa lọ sílé bàbá mi, kí n fi Sàlámì ọmọ mi sílẹ̀ fún wọn.

Káfíńtà ni ọkọ mi, ní rélùwéè l'Ébùúté-Mẹ́ta. Òun ló máa ń jí mi. Tó bá ti ṣe àlùwàlá tán, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, á ní, "Ìyá Sàlámì, ilẹ̀ mà ti mọ́ o!" Èmi náà á ní, "Àkànní, mo ti dìde," nígbà tí mi ò tíì dìde rárá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, títí ibà fi dá a dùbúlẹ̀, tó sì kú.

Nígbà tí mo jókòó opó tán, àwọn mọ̀lẹ́bí pè mí, wọ́n ní kí n mú ọkọ nínú àwọn àbúrò rẹ̀. Bí mo bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ wọn ni Sàlámì máa wà. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo mú Láwànì, èyí tó tẹ̀ lé ọkọ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò lù mí rí, kò febi pa wá. Ṣùgbọ́n ohùn ọkọ mi gẹ́lẹ́ ló wà lọ́fun rẹ̀.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tó pè mí pé ilẹ̀ ti mọ́, inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi, inú mi dùn! Kí n tó lajú, Àkànní kò tíì kú. Ìgbà tí mo lajú ni mo rántí. Bó ṣe ń rí láràárọ̀ nìyẹn, títí omi fi gbẹ lójú mi.

Lọ́jọ́ kan, mo dá a lóhùn lójú oorun, mo ní, "Àkànní, mo ti dìde." Áà! Àjàní ni oríkì ti Láwànì. Mo gbọ́ tó gbé búùtà sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa, yára." Ó dáhùn sí oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Kò bínú, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mu ẹ̀kọ rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí mọ́. Ó kàn máa ń kan ilẹ̀kùn, á sì kọjá. Mo rò pé ara á tù mí. Irọ́ ni! Ìgbà yẹn gan-an ni ara mi kọ̀ tí kò dìde mọ́.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí wọ́n má gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ohùn yẹn nìkan ló lè gbé mi dìde. Ṣùgbọ́n Láwànì kò ṣẹ̀ mí. Ṣé kí n wá kúnlẹ̀ fún un, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó máa pè mí, kí n lè máa dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn?