Ohùn Bàbá Wa Tí Mo Pa Rẹ́

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni àbúrò mi máa sọmọ lórúkọ nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Gbogbo ẹbí ló ń yọ̀, àfi èmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Mo gbẹ̀san. Ẹ̀san náà dùn mọ́ mi bí oyin fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, òun náà ló wá há mi lọ́fun bí eegun ẹja báyìí.

Múrí ni orúkọ àbúrò mi yìí. Ọbàkan ni wá, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ ọbàkan ṣe ń rí. Ọdún tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ wọlé ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyá mi, n kò sì dárí ji Múrí rí, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì bí i nígbà náà! Obìnrin náà kú kí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́n, síbẹ̀ n kò yé bínú.

Àáfà ni bàbá wa. Nígbà tí wọ́n kú, kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kún àpótí wọn: wáàsí, àdúrà, àti ohun tí wọ́n sọ níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ní kọ̀ǹpútà nílé ni ẹbí ní kí n kó ohùn wọn sínú rẹ̀, kí n sì bọ́ọ̀nù ún, ìyẹn kí n dà á kọ, sí síídì tí a ó pín níbi fìdáù ogójì ọjọ́, torí àwọn àgbà wa kò gbọ́ ti fóònù. Múrí ló ra páálí síídì wá. Mo gbé ìkòkò tùràrí sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, torí Bàbá kì í ṣàdúrà láìsun tùràrí, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Síídì àkọ́kọ́ dé ìdajì, ó kú. Èkejì kú. Ìkẹwàá kú! Mo dín eré rẹ̀ kù, mo pa gbogbo ohun mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo yí wáyà padà, mo fi òwú nu síídì títí ó fi ń dán. Pàbó ni. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ṣe ni kí n ra síídì mìíràn dán an wò. Kí ni mo tún fẹ́ dán wò? Mo ti mọ ọ̀daràn mi. Ó ra ìdọ̀tí wá kí ojú lè tì mí ni!

Lọ́jọ́ fìdáù, ọwọ́ mi ṣófo, àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ni Múrí bá dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ẹ̀gbọ́n mi wí. Síídì tí mo rà ni ò dáa. Ẹ̀bi mi ni.” Gbogbo wọn ń ṣàdúrà fún un. Èmi ń wò ó: oníṣẹ́ ibi tó fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun! Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Mo wọlé, ìborùn ṣì wà lórí mi. Ohùn Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Múrí lórúkọ wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ìyá rẹ̀ ń ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti já mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo ń kó o wọlé, kò tún sí òmíràn láyé. Mo ní, “Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé.” Mo pa á rẹ́, mo sì wá a dé ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìdọ̀tí sí, mo pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo jẹun yó.

Lọ́jọ́ kẹta, mo pe bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó lè jẹ́rìí sí i pé síídì Múrí ò dáa. Ó tú ibi tí síídì ń wọ̀, ó fi òwú nu ojú tó fi ń kọ ọ́, òwú náà sì yọ dúdú. Ó gbé e símú.

“Alhaja, ṣé ẹ máa ń sun tùràrí níbí ni? Èéfín ẹ̀ ti bo ojú ẹ̀ pátápátá.”

Ó ki síídì Múrí bọ̀ ọ́. Wẹ́rẹ́ ló dé òpin. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá ohun tí mo pa rẹ́ fún mi. Ó wá a títí, kò rí i.

Àná ni Múrí wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ohùn màámi wà nínú èyí tí Bàbá fi sọ mí lórúkọ. Mi ò mọ ohùn wọn rárá. Ẹ bá mi bọ́ọ̀nù ẹ̀, kí ọmọ mi náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.” Mo ní kò burú. Irọ́ ni mo pa! Ó dúpẹ́, ó gbé ọ̀rá kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní òun mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò ẹ̀san, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín ná, torí ìka tí kò ṣẹ̀ ni mo gé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n sọ fún un kí ọjọ́ Àìkú tó pé? Ọ̀rá náà nìyí lórí tábìlì níwájú mi. Tùràrí ló wà nínú rẹ̀.