Ojú-ewé tí Munirat Yọ Kúrò Nínú Ìwé

"Bàbá, ẹ má tíì fi omi lọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lónìí." Orí ìkúnlẹ̀ ni Munirat wà nínú pálọ̀ Bàbá Job ní Agége, ní àárọ̀ Sátidé, àpòòwé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Démiládé, wo ara wọn. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí wọ́n ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. "Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi," ni bàbá wí. Kò dìde.

Iṣẹ́ ìwé ni Munirat ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Orégùn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin adìyẹ títí ọmọ yóò fi jáde. Éjẹ́ńtì ló ń ṣọ́ ooru àwọn ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe éjẹ́ńtì ilé o. Ọgbọ́n àtọwọ́dá tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni, tó ń gbọ́ àṣẹ, tó sì ń dá ìpinnu ṣe. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ló ń wọ inú àkọsílẹ̀, irinṣẹ́ kan sì wà tí wọ́n fi ń wá àkọsílẹ̀ náà jáde. Ìwé tí yóò kọ́ni bí a ṣe ń lo irinṣẹ́ yìí ni wọ́n ní kí Munirat kọ.

Munirat kì í gba nǹkan gbọ́ láì fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ní bọ́tìnì kan ń ṣe báyìí, á tẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, níbi tó ti ń wá àpẹẹrẹ tí yóò fi sínú ìwé, ó bi ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá parọ́ fún éjẹ́ńtì yìí ńkọ́? Ṣé yóò gbà mí gbọ́?" Ó bá sọ fún un pé otútù ń mú ẹyin inú ẹ̀rọ kẹrin. Éjẹ́ńtì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru kún ooru. Inú Munirat dùn bí ọmọdé tó kọ́kọ́ rí yìnyín. Bó ṣe fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà padà báyìí, wọ́n pè é sí ìpàdé. Ìpàdé gùn, ó gbàgbé. Ìgbà tó fi máa rántí, àwọn òròmọdìyẹ tí ọjọ́ bíbí wọn ku ọ̀la ti jinná sínú èèpo.

Bàbá Job ló ń dúró ti ẹ̀rọ kẹrin, ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn. "Mo ń fa ooru wálẹ̀, ó ń gòkè," ló ń tún sọ fún Màdáámù Ayọ̀tọ́lá, ọ̀gá wọn. "Bí ẹni pé ẹnìkan ń bá mi jà nínú rẹ̀ ni." Màdáámù ní kí Munirat wá fi irinṣẹ́ náà yẹ àkọsílẹ̀ wò.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí ènìyàn bá béèrè lásán, ohun tí éjẹ́ńtì ṣe nìkan ni irinṣẹ́ náà ń kó wá. Àfi bó bá fi ọ̀rọ̀ náà "gbogbo" kún un ni yóò tó rí ẹni tó pàṣẹ, àti gbogbo ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ. Munirat tó ń kọ ìwé nìkan ló mọ èyí. Ó béèrè lásán. Ooru gòkè, ooru gòkè: kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. "Yàtọ̀ sí yín, Bàbá, ta ló tún wà nídìí ẹ̀rọ?" ni Màdáámù wí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti dá bàbá dúró.

Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ Munirat. "Ìwọ tí o mọ̀wé, ṣé kò sí ibòmíràn tí nǹkan yẹn ń kọ nǹkan sí?"

"Kò sí, Bàbá."

Bàbá jáde. Munirat jókòó, ó ṣí ìwé tó ń kọ, ó sì yọ ojú-ewé tó sọ̀rọ̀ nípa "gbogbo" kúrò pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Teslim, òṣìṣẹ́ tuntun, wá bá a. "Àǹtí, ìwé yín ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọn àkọsílẹ̀ ń fò. Láti orí mẹ́tàlá, ó bọ́ sí ogún. Níbo làwọn tó kù wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe."

"Háà. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ ọ́ síwájú ìwé pé ká má gba nǹkankan gbọ́ láì dán an wò."

Lọ́jọ́ kejì, Munirat lọ bá Màdáámù, ó jẹ́wọ́.

"Wọ́n ti ní kí n lọ jókòó sílé," ló ń sọ fún bàbá báyìí, lẹ́yìn tó ti ròyìn gbogbo rẹ̀ tán. "Ojú-ewé náà ti padà sínú ìwé. Mo parọ́ fún ẹ̀rọ, ìyẹn jẹ́ àìmọ̀kan. Èyí tí mo pa fún yín, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa á ni. Ẹ ṣàánú mi, ẹ dárí jì mí."

Ìyá Démiládé fò dìde. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé oorun ló gbé e lọ nídìí iṣẹ́! Munirat!"

Bàbá gbọ́wọ́ sókè. Àpòòwé ló ń wò. "Kí ni nǹkan yẹn kọ nípa mi?"

Munirat tú u, ó ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà: "Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, Job fa ooru wálẹ̀. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, Job fa ooru wálẹ̀. Aago méjì ààbọ̀, Job tẹ aago ìpè fún ìrànwọ́. Kò sí ẹni tó dáhùn."

"Mo tẹ̀ ẹ́," ni bàbá wí. "Mo tẹ aago yẹn." Ó wá kọjú sí Munirat. "Ní ti ìdáríjì, màá gbàdúrà sí i. Mi ò ní tàn ọ́ pé ó ti tán nínú mi lónìí." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Pe Démiládé jáde." Lẹ́yìn náà, ó fa àga kan sún mọ́ Munirat. "Jókòó. Tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, kí ọmọ mi gbọ́."