Èmi Ni Mo Pa Ààlè Sí Páànù Ìyá Gbọ́njúbọ́lá

Kí ẹni tó ń jẹun gbé òkèlè mì, kí ẹni tó ń lọ ata pa ẹ̀rọ! Òtítọ́ kan ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, bí n kò bá sì sọ ọ́ lónìí, yóò ti eyín iwájú mi dànù kó tó jáde. Èmi Bíyìí ni, èmi atúnọ̀kadàṣe tí gbogbo abúlé wa yìí lẹ́bàá Lálúpọn mọ̀, èmi tí mo sá kúrò níléèwé lọ́jọ́ tí ìṣirò ranjú mọ́ mi. Ẹ mọ̀ pé àsọdùn kì í wọ́n lẹ́nu mi. Bí mo bá ní mo rí eku tó tó màlúù, ẹ mọ̀ pé eku ni mo rí. Ṣùgbọ́n ìwà burúkú tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí, n kò fi ẹyọ iyọ̀ kan kún un. Bó ṣe tóbi tó gan-an nìyẹn, ó sì ju màlúù lọ.

Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n wà ní Olódò báyìí, lọ́dọ̀ Gbọ́njúbọ́lá ọmọ wọn, èmi ni mo sì lé wọn débẹ̀. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n forí jì mí, wọ́n ní, "Bíyìí, ẹnu rẹ dùn jù fún fóònù. Lọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n kà á sétí gbogbo abúlé kí wọ́n tó wá kà á fún èmi. Bó o bá fi ẹyọ kan pamọ́ níbẹ̀, ẹ má retí mi mọ́ láéláé." Wọ́n pa fóònù kí n tó lè sọ pé "Màmá." Torí náà, ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìjì ló dá a sílẹ̀, ní èṣí, nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ìjì ọ̀hún kò nítìjú. Ó gbé ewúrẹ́ kan ní Lálúpọn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní Ẹ̀jìokú, ewúrẹ́ náà kò sì tíì gbé koríko ẹnu rẹ̀ mì. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé mi, ó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ìkòkò wò bóyá ọbẹ̀ ti jinná. Páànù mi tó ti dípẹtà ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó fò lọ, n kò tíì gbọ́ ìró ibi tó balẹ̀ sí títí dòní. Ògiri méjì wó lu ọ̀kadà oníbàárà. Ìjì yẹn kan náà ló ṣí òrùlé àtíbàbà tí Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ti ń yan gààrí, ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé mi.

Opó Bàbá Ògúntìmẹ́hìn ni Màmá. Bàbá Fárìndé, àbúrò ọkọ wọn, ló ń kó ẹ̀gẹ́ wá láti oko, Màmá á yan án ní gààrí, wọ́n á sì jọ pín èrè rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn ṣeré! Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ, torí náà "Adúmáadán" ni Màmá ń pè wọ́n. "Adúmáadán, ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ kó wá yìí mà tín-ín-rín bí ìka ọmọ tuntun!" Bàbá Fárìndé á ní, "Ìyàwó wa, ojú rẹ ló ti tóbi jù." Ẹ̀rín wọn á máa dún dé títì.

Ìjì náà kò ba Màmá lẹ́rù, torí wọ́n ní páànù nílẹ̀. Páànù tí ọkọ wọn fi kan ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé ọjọ́un ni, tí Bàbá Fárìndé tú sílẹ̀ nígbà tí ilé náà di àlàpà. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò wọn, pẹ̀lú pákó igi apá tí ikán kò lè fi eyín kàn. Páànù ayé àtijọ́! Bí òjò bá rọ̀ lù ú, òjò ni yóò máa ké yéè! Ohun tó kù ni kí Bàbá Fárìndé rójú lóko, kí wọ́n wá bá Màmá kàn án.

Èmi ńkọ́? Ẹnu mi ti kó mi sí wàhálà. Mo ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó wó, mo ti lérí pé n kò ní í pe bíríkìlà, n kò ní í pe káfíńtà, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni n ó fi tún un kọ́. Sàníù ọlọ́kadà, ọ̀rẹ́ mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́.

"Ìwọ? Ìwọ tí ìṣó máa ń rí tó máa ń wọ́? Bíyìí, bó o bá kan òrùlé tó dúró, ẹnu ni n ó fi fẹ́ táyà ọ̀kadà mi."

"Lọ máa fọ ẹnu rẹ sílẹ̀," ni mo wí.

Mo sì kọ́ ọ o! Mo gbẹ́ amọ̀, mo fi ẹsẹ̀ pò ó títí ẹsẹ̀ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbòǹgbò. Mo mọ ògiri ní ìpele ìpele, mo jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí n tó gbé òmíràn lé e. Nígbà tí ògiri dúró, inú mi dùn débi pé mo ń kí i lówùúrọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ògiri!" Àmọ́ ògiri tí kò lórùlé, ilé alángbá ni. Mo wòkè, ojú ọ̀run ni mo rí. Mo wo òdìkejì ọ̀nà, páànù Màmá ni mo rí. N kò ní í sọ pé Èṣù ló tì mí. Èṣù kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni.

Ọ̀sán gangan ni, gbogbo abúlé wà lóko, Màmá wà lọ́jà. Mo so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, àkísà pupa àti ìdajì bàtà tó ti ya pọ̀, mo sì gbé e kọ́ sórí òkìtì páànù náà. Ààlè ni mo pa sí i! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ rò pé pàǹtírí lásán ni, ẹ bi àwọn bàbá yín: ẹni tó ni nǹkan níí pa ààlè sí i, kí olè má bàa fọwọ́ kàn án, kí ohun tó ṣe ìgbín tó fi ku ìkarahun má bàa ṣe olè náà. Èmi olè wá pa ààlè sí ohun olóhun! Kí ló dé tí apá mi kò rọ? Sàníù tó bá mi di okùn mú ní, "Kí ni Màmá yóò wá sọ?" Mo ní, "Wọ́n á rò pé ẹbí ọkọ wọn ni. Bí kò bá sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, bó pẹ́ bó yá, á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ̀." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín dé ilé.

Nígbà tí Màmá dé, igbá orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wo ààlè náà bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ mọ́ síta. Mo sáré lọ bá wọn, mo gbé ojú àánú wọ̀. "Bíyìí," wọ́n ní, "ta ló tún kù láyé tó lè ní òun ló ni nǹkan ọkọ mi? Adúmáadán nìkan ni. Ṣé wọn kò lè fi ẹnu sọ fún mi pé àwọn fẹ́ páànù ẹ̀gbọ́n àwọn ni?" Èmi ẹlẹ́nu méjì mi orí. Mo ní, "Ayé ti bàjẹ́, Màmá."

Bàbá Fárìndé náà dé, òòlù lọ́wọ́, tayọ̀tayọ̀, láti wá kan òrùlé. Wọ́n rí ààlè. "Háà! Ìyàwó wa ló pa ààlè dè mí? Ó rò pé mo fẹ́ jí ohun ẹ̀gbọ́n mi?" Wọ́n yí padà láì kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí! Ọ̀kan rò pé èkejì ni, èkejì rò pé ọ̀kan ni, kò sì sẹ́ni tó lè béèrè, torí ta ní í lọ bá ẹni tó pe òun lólè pé kó tún un sọ? Ìtìjú dí wọn lẹ́nu. Bàbá Fárìndé ń kó ẹ̀gẹ́ lọ fún ẹlòmíràn yan ní Lálúpọn. Màmá ń ra ìwọ̀nba ẹ̀gẹ́ tiwọn, wọ́n ń yan án lábẹ́ agbòòrùn tó ti ya, òjò ń pa iná, èéfín ń pa ojú.

Ìgbà yẹn ni mo jáde bí olùgbàlà. Mo ní ìdílé ìyá mi mọ bí wọ́n ṣe ń tú ààlè. Irọ́ funfun báláú! Mo da epo pupa sílẹ̀, mo fò sókè, mo gbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì tí epo ń tán nínú rẹ̀, mo sọ èdè tí èmi pàápàá kò gbọ́ rí. Mo wá kéde pé páànù náà ti gba ìjà sára, kò gbọdọ̀ bo ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yẹn lórí. Ibi tí wọ́n ti ń lu irin nìkan ló lè gbà á. Ta ló ń lu irin lábúlé wa? Èmi náà kọ́? Màmá ní, "Máa gbé e lọ, ọmọ mi. N kò fẹ́ ìjà. Olúwa yóò bo ìwọ náà láṣìírí." Wọ́n gbàdúrà fún mi! Mo ṣe àmín gbàǹgbà, mo sì ru páànù lọ.

Ẹ má bínú, n kò lè parọ́ pé òrùlé yẹn kò dùn mọ́ mi. Mo kọ́kọ́ kàn án láti òkè wá sísàlẹ̀, mo wá gbé orí páànù ìsàlẹ̀ lé ti òkè, omi òjò sì gba àárín wọn wọlé bí àlejò tí wọ́n ránṣẹ́ pè. "Odò Ọ̀ṣun ló wá bẹ̀ ọ́ wò!" ni Sàníù ń kígbe. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ti òkè lè máa gun ti ìsàlẹ̀. Mo gé tíúbù ọ̀kadà kéékèèké sábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan kí omi má rí ihò. Nígbà tí òjò tún dé, ẹ̀kán omi kan kò wọlé! Mo jó lórí òrùlé, mo hó títí wọ́n fi gbọ́ mi ní Akínyẹlé. Sàníù fi ẹnu fẹ́ táyà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ wo òmùgọ̀ ènìyàn! Orí ẹkún opó ni mo ń jó sí.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀, torí ibi tó burú jù ni mo dé yìí.

Iná ìdí agbada Màmá wá kú pátápátá. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Olódò. Bàbá Fárìndé gbọ́, wọ́n sáré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Bíyìí, jọ̀ọ́, sọdá lọ bá mi sọ fún ìyàwó wa pé kó má lọ. Bó bá jẹ́ òun ló pa ààlè yẹn, mo ti gbàgbé. Ilé ọkọ rẹ̀ ni. Sọ fún un." Ọ̀nà tí mo fẹ́ sọdá yẹn kò gbòòrò ju kí adìẹ fò ó lọ, àmọ́ kí n tó dé òdìkejì, mo ti ro èrò burúkú mi tán. Bí Màmá bá gbọ́ "bó bá jẹ́ òun," wọ́n á ní "èmi kọ́." Àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó pa á, òrùlé mi á sì bá a lọ.

Màmá ń fi okùn di agbada wọn. Wọ́n gbójú sókè. "Ṣé Adúmáadán ló rán ọ?" Ojú wọn tàn, ẹ̀yin èèyàn! Ó tàn bí ti ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lọ́nà ọjà.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Ojú náà kú. Wọ́n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Sàníù, agbada lórí itan, wọn kò wẹ̀yìn. Mo padà bá Bàbá Fárìndé, mo ní, "Wọn kò dáhùn." Nígbà tí Sàníù dé, kò rẹ́rìn-ín. "Màmá sunkún dé Olódò," ló wí. "Bíyìí, èmi ò bá ọ ṣeré mọ́."

Láìpẹ́ yìí ni òjò ká Bàbá Fárìndé mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń gbọ́ bí òjò ṣe ń lu páànù. "Bó ṣe máa ń dún nìyí," wọ́n ní, "bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ń di kòkó sápò. Ìyàwó wa á máa sun àgbàdo fún wa lábẹ́ rẹ̀. Bíyìí, kí ni mo tilẹ̀ fi ṣe obìnrin yẹn?" N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Wọn kọ́ náà. Èmi ni mo pa ààlè." Bàbá bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n rò pé àwàdà mi ni. Kò sí ìyà tó tó ìyẹn: mo ń jẹ́wọ́, wọ́n ń nu omijé ẹ̀rín. Àfìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán mi àti ọ̀rọ̀ tí mo jẹ́ ni ẹ̀rín dá. Wọ́n gbé sípánà, wọ́n lé mi nínú òjò yí abúlé ká, tàwọn ti arúgbó ara wọn, èmi tí mo lè sáré ju ehoro lọ kò rí ọ̀nà sá gbà. Ìgbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n sunkún. "Ìwọ nìkan lo kàn án," wọ́n ní. "Ìwọ nìkan ni yóò tú u."

Mo ti tú u. Mo ti gbé e sọdá, mo ti fi kan àtíbàbà Màmá, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú tíúbù lábẹ́ gbogbo ìṣó. Ojú ọ̀run ló ń bo ọ̀kadà tí mo ń tún ṣe báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń pè mí ní ọ̀gá aláwàdà, ẹ máa dá wa lẹ́rìn-ín o, ayé kò dùn láìsí i. Àmọ́ àwàdà tó bá gba òrùlé lórí ẹnì kan kó tó pa yín lẹ́rìn-ín, olè ni. Bí àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn bá sì fi ọ̀rọ̀ rán yín sí ara wọn, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an, bó tilẹ̀ máa wó ilé lé yín lórí.

Màmá, n kò fi ẹyọ kan pamọ́. N kò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, Bàbá Fárìndé lọ sóko, wọ́n hú gbogbo ẹ̀gẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n wá dà á sábẹ́ àtíbàbà yín. Mo ní, "Bàbá, ta ni yóò yan án? Màmá kò tíì ní àwọn ń bọ̀." Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Wọ́n sì jókòó tì í. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú kì í dúró de ìbínú. Bó bá fi di ọ̀túnla, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Sàníù tó ń ka ìwé yìí sí yín létí ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró dè yín sẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ ẹ kò bá fẹ́ rí mi, n ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi, n ó kọjú sí ògiri títí ẹ ó fi kọjá. Ẹ má wá torí mi, Màmá. Ẹ wá torí ẹ̀gẹ́.